Ìwé Tí Ionie Kọ̀ Láti Kà

Kí Marvlyn tó dé, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Roseau, ní erékùṣù wa yìí, látinú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti Guadeloupe, Ionie Laronde lẹ máa kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó rí ọlọ́pàá kankan. Á ti dé fìlà koríko rẹ̀ tó fẹ̀ bí atẹ, báírò mẹ́rin á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì ti máa pariwo kí wọ́n tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín síta! Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ku oṣù mẹ́fà kó tó kú! Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi padà dà? Ìwọ tó o mú máńgòrò dání yẹn, jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé o!"

Ẹrù ni èmi ń gbé ní èbúté yẹn, ọdún kejìlélógún rèé, mo sì lè sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni pé nínú fọ́ọ̀mù tí àlejò ń kọ, wọ́n á bi í ní ilé tó máa sùn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó máa sùn, wọn kì í tètè jẹ́ kó kọjá. Ionie sì ní yàrá méjì lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Newtown. Bó bá ti rí àlejò tó ń fi báírò họ orí, á ní, "Kọ orúkọ mi síbẹ̀, ọmọ dáadáa." Yàrá méjì yẹn ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ kò kọjá òkun rí, ṣùgbọ́n kò sí òfin ẹnu ibodè tí kò mọ̀ lórí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1997 ni Marvlyn Prosper dé láti ìlú òyìnbó. Òun àti Ionie jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni, wọ́n jọ ń jí ọsàn fádà ká. Ọgbọ̀n ọdún ló lò lọ́hùn-ún. Ó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé, kò bímọ, ara rẹ̀ kò sì gba ìjókòó lásán. Ló bá gbé tábìlì kan wá sí èbúté, ó na agbòòrùn lé e lórí, ó sì tẹ ìwé pélébé kan: àwòrán erékùṣù wa níwájú, òfin ìwọlé lẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọ̀fẹ́ ló ń fún àwọn àlejò.

Ẹ ò rí owú! Ionie jowú débi pé ẹja oníyọ̀ tó ń fi jẹ àárọ̀ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín," ló sọ fún mi. "Wo eyín ẹ̀. Eyín ìlú òyìnbó nìyẹn, kì í ṣe tiẹ̀."

"Ionie, èrò inú ọkọ̀ yìí pọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lè pín wọn."

"Kí n pín kí ni? Ṣé èmi ni mo ní kó lọ? Ó lọ, mo dúró. Òjò pa mí síbí, ìjì David ká òrùlé mi lọ. Òun wá dé lónìí, ó wá gbé ìdí lé ibi tí mo dúró sí!"

Ìgbà mẹ́ta lójú mi ni Marvlyn na ìwé yẹn sí i. "Ionie, jọ̀ọ́, bá mi kà á wò, bóyá mo gbàgbé nǹkan."

Ionie kọjú sí òkun. "Mi ò mú awò mi wá." Awò náà rèé lórí imú rẹ̀.

Ó sì yà mí lẹ́nu, torí yàrá rẹ̀ kò ṣófo láti ìgbà tí Marvlyn dé. Èmi tí mo ń gbé ẹrù lọ síbẹ̀, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní àwọn àlejò òun àtijọ́ ló ń júwe ilé fún ara wọn. Èmi ò mọ̀wé, mi ò lè bá a jiyàn.

Ó di Sátidé kan, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe kànífà, ọdún ijó ìgboro wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣòkòtò sójà aláwọ̀ ewé tó rí tótòtó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe sójà kì í wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, àlejò ni o, onílé ni o. Gbígbà ni wọ́n máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n Marvlyn ò sí nílé nígbà tí òfin yẹn dé. Ọmọ náà gba ìwé rẹ̀, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó bi í bóyá ohun gbogbo ti pé. Marvlyn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó pé, ọkọ mi. Máa lọ."

"Ionie," mo ní, "ṣòkòtò ọmọ yẹn!"

"Mo rí i."

"Sọ fún un kó lọ pààrọ̀ nínú ọkọ̀."

"Ṣé èmi ló bi? Ẹni tó ní tábìlì ni kó sọ ọ́."

Èmi náà lè pè é. Ẹrù wà lórí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ò di ẹnu. Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín ni. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Kò pẹ́ tí ariwo ta ní ẹnu ibodè. Ṣòkòtò méjì ló wà nínú ẹrù ọmọ náà, irú kan náà ni méjèèjì, wọ́n sì gbà á pátá. Ó jáde síta, aṣọ ìnura olódòdó pupa ló ró mọ́ ìdí. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ionie rín in títí ó fi gbá ikùn mú.

"Marvlyn! Ṣé ṣòkòtò ò sí nínú ìwé òyìnbó ẹ ni?"

Omi lé ròrò sójú Marvlyn. "Mi ò mọ̀, Ionie. Ṣebí mo ní kó o bá mi kà á."

Ọmọ náà ń fi ìbínú sọ pé òun ò ṣe mọ́, inú ọkọ̀ tó gbé òun wá lòun máa bá padà. Ọ̀gá aṣọ́bodè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí, gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ sókè. "Ẹni tó mọ onílé ẹ̀ kó lọ sọ fún un pé kó má dúró dè é mọ́. Ìyáàfin Ionie Laronde, Newtown."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ionie. "Èmi kẹ̀? Mi ò rí ọmọ yìí rí! Ta ló fi orúkọ mi fún un?"

Ọmọ náà ju ìwé ọlọ́ràá yẹn sí i. Ionie mú un fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kà á, ló bá na ìwé sí ọ̀gá aṣọ́bodè bí ẹni pé ojú òun ń tan òun jẹ. Ọ̀gá kà á sókè, gbogbo wa gbọ́: "Bí ẹ kò bá tíì ní ibi tí ẹ máa sùn, ẹ béèrè Ìyáàfin Ionie Laronde. Yàrá rẹ̀ mọ́, tíì kòkó rẹ̀ dùn. Ohunkóhun tó bá rú yín lójú nípa ìwọlé, òun ló mọ̀ ọ́n jù ní èbúté yìí."

Ionie sáré lọ sí Newtown, àgbàlagbà tí kì í sáré, ó lọ mú ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ olóògbé wá. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ọkọ̀ ti lọ. Marvlyn ti ká agbòòrùn rẹ̀, ó sì ti to ìwé tó kù jọ sórí ilẹ̀.

"Ibi ẹ rèé, Ionie," ó ní. "Mi ò bá ẹ du ú rí."

Kò padà wá mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni Ionie gbé èso gbẹ̀rẹ̀fùútù lọ sẹ́nu géètì rẹ̀. Marvlyn gbà á, ó dúpẹ́, ó tilẹ̀kùn.

Ionie ló ń pín ìwé náà báyìí. Ó ti fi báírò kọ ọ̀rọ̀ aṣọ sójà sórí bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí tábìlì Marvlyn wà tẹ́lẹ̀ ló ń dúró sí, kì í dúró síbẹ̀ gan-an. Bí àlejò bá sì fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìwé, tó bi í pé ta ni Ionie tó mọ gbogbo nǹkan yìí, á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.