Ìwọ̀ Oríṣi Márùn-ún Láti Inú Àpò Kan

Ẹnikẹ́ni kò rọ́ ọ fún mi o. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi tọ́ irin náà wò. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó wà lọ́dún tí a ń tò sórí ìlà láti ra ọṣẹ ìfọṣọ. Èmi wà létí odò Òwènà, láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, mo ń pẹja. Ìwé kẹta ni mo kà tí mo fi kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀, kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan má wá bá mi jiyàn.

Àwòrán ara bébà tí wọ́n fi ń wé ìwọ̀ la fi ń dá wọn mọ̀ nígbà náà. Alákàn wà, tí wọ́n ya akàn sí lára: irin rẹ̀ dúdú, ó wúwo, ó lè gbé àrọ̀ ńlá ró. Oníkọ́kọ́rọ́ wà, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó mú bí abẹ́rẹ́, òun ló dára fún ẹ̀pìyà. Oníràwọ̀ wà, Ẹlẹ́ṣin wà, Aládé náà wà. Bí o bá dì mí lójú, tí o fi ìwọ̀ kan sí mi lọ́wọ́, n óò sọ ìran rẹ̀ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fọ́nnu lójú àwọn apẹja, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ọṣẹ ni a fi ń dẹ àrọ̀. Ẹni tí kò mọ odò lè máa yanu, ṣùgbọ́n òórùn ọṣẹ dùn mọ́ àrọ̀ ju ẹran lọ. Nígbà tí ìlú wá le, tí ọṣẹ di ohun tí àwọn ìyàwó ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, arúgbó Ìlàjẹ kan tó ti ń gbé etí odò kí wọ́n tó bí mi, ló dá ọgbọ́n ìyẹ́. Yóò já ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, yóò fi òwú dúdú dì í pinpin mọ́ ọrùn ìwọ̀ títí yóò fi dà bí èsúnsún, yóò wá fi ọṣẹ bíńtín ra á. Ìyẹ́ náà ni yóò di òórùn mú nínú omi. Ọṣẹ tó ń tó ìwọ̀ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ wá ń tó ọgọ́rùn-ún. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá lọ. Òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ sókè.

Lọ́jọ́ tó dá mi sílẹ̀ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ó kó ogójì ìwọ̀ Alákàn tirẹ̀ fún mi. Wọ́n ti dógùn-ún, ó sì ti fi fáìlì fá ìlà méjì sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Àkúrẹ́ yìí, gbọ́. A kì í ta ìwọ̀ tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹja. Bó o bá sì ra tuntun, fi kọ́ igi, so òkúta mọ́ ọn, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ dọjọ́ kejì. Èyí tó bá nà, sọ ọ́ nù." Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Nínú ara mi, mo ní arúgbó àti irin tó dógùn-ún, ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Oǹdó ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya ń gbé. Aṣọ rírán ló ń kọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bàbá ìjọ ni pẹ̀lú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn mi nítorí ìwé mi tó kúrú. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ku ọjọ́ mẹ́rin, ó pè mí jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni apẹja, wọ́n ní o gbóyà lódò. Lọ́dún yìí, n kò rí ẹran rà fún àlejò. Mú àrọ̀ ńlá méje wá fún mi lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo bá rí i, n óò pe ẹbí mi jọ, kí tìrẹ náà máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ."

"Méje kẹ̀, sà? Mẹ́rìnlá ni n óò kó wá!"

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sìn mí jáde, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe ní méje? Méje náà ni wọ́n béèrè."

Láti ibẹ̀ ni mo ti yà sọ́jà. Oníṣòwò kan pàtẹ ìwọ̀ tuntun, oríṣi márààrún, àwòrán bébà wọn ń tàn, irin wọn ń kọ mànà. Ogójì ìwọ̀ mi wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká. Ó yọ́jú wò wọ́n, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ kó àlòkù yẹn fún mi, kí n fún yín ní ọgọ́fà tuntun. Ojú yín ni mo wò tí mo rí i pé ẹ mọjà." Ẹ wò ó, ta ló ń fi tuntun mẹ́ta gba àlòkù kan? Èmi kò bi ara mi. Ó ti pè mí ní ẹni tó mọjà, ó tán.

Àkùkọ kan ṣoṣo tí ìyá mi ní ni mo tu ìyẹ́ ọrùn rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ fi pọ́n kalẹ̀ bí ti igún. Mo di ìyẹ́ mọ́ ọgọ́fà ìwọ̀. Ó rẹwà! Òkúta? N kò so òkúta kankan mọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe ń dẹ ẹ́ sínú ibú, ọ̀gá mi dúró lókè, ó ń wò mí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fa okùn. Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi ń rí sí i. Ìwọ̀ ti nà gbọnrangandan bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Àwọn kan ti dá sí méjì. Ètè àrọ̀ tó ya kù lára wọn, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ọṣẹ. Ìyẹ́ nìkan ló wà bí mo ṣe dì í. Bí mo ṣe ń fa èyí tó kù, okùn há sábẹ́ àpáta, ó já, omi gbé e lọ.

Mo gba Oǹdó lọ tìbínú-tìbínú. N kò gba iwájú ìsọ̀ oníṣòwò náà, ẹ̀yìn ni mo gbà. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní, àpò ìwọ̀ kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Láti inú àpò kan yẹn ni wọ́n ti ń bu ìwọ̀ sínú bébà Alákàn, wọ́n bu sínú Ẹlẹ́ṣin, wọ́n bu sínú Aládé. Ìyàwó fi bébà oníràwọ̀ kan fun imú, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún nawọ́ mú òmíràn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ti àwọn wọ̀nyí, gbogbo wọn ni inú ń run.

"Àpò kan náà!" ni mo pariwo. "Ìwọ̀ yín nà!"

Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ọ̀gá mi, àwòrán lẹ yàn. Ṣé àwòrán nà ni?" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo ní kí wọ́n kó ogójì mi fún mi. Ó ní apẹja kan láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti kó o lọ láti ọjọ́ kejì tí mo ti wá.

Mo dé ilé bàbá ìyàwó lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò bínú. Ó ní, "Jókòó. Odò kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. A ti rí àrọ̀ rà lọ́wọ́ ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kan tó ń kiri. O wá fúnra rẹ, o kò sá. Ìyẹn náà tó nǹkan." Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà jáde láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fi iyọ̀ fọ ẹja. "Bàbá, ẹ wo ohun tó há sí ọ̀kan lẹ́nu." Ìwọ̀ dúdú ni, ìlà méjì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo fò sókè: "Ìwọ̀ mi nìyí! Ẹ wo àmì! Irú ìwọ̀ tí mo ní nìyẹn!"

Bàbá ní, "Ìwọ̀ rẹ? Báwo ló ṣe dé ọwọ́ ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀?"

Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé mẹ́ta ni mo fi ọ̀kan gbà, kí ó lè mọ̀ pé mo gbọ́n.

Ó gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹja kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa mọ́. Ẹni tó gbé irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọjà nítorí ohun tó ń kọ mànà, bó bá níyàwó tán, kí ni yóò gbé lọ? Máa lọ ilé, ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà fi ìwọ̀ náà sí mi lọ́wọ́, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Mo ti dàgbà báyìí. Bí mo bá dé ọjà Àkúrẹ́, tí mo rí ìwọ̀ tí wọ́n tò kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ ju ti ọmọ ọba lọ, mo máa ń tutọ́ sílẹ̀ kí n tó ra ọ̀kan. N óò fi kọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, n óò so òkúta mọ́ ọn. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín.

Ohun tó lọ nìyí: ìwọ̀ Alákàn mọ́kàndínlógójì, okùn kan, àrọ̀ tí n kò rí ojú wọn, ọ̀gá kan, tó gbọ́ pé mo ti gbé ìwọ̀ rẹ̀ fún ọjà, tí kò sì dá mi lóhùn mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sin sí Ìlàjẹ, àti obìnrin kan.