Ààwẹ̀ Ọjọ́ Ọjà

Irin tí wọ́n tì bọ inú egungun ẹsẹ̀ Fàsílátù láti ìgbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà oko Ilérò, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́sibítù. Dókítà ní egungun ti jinná, ṣùgbọ́n ibi tí irin ti jáde ṣì ṣófo bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀hún tẹlẹ̀ ná. Bí obìnrin tó ń ru iṣu láti oko délé láìsọ̀ ṣe di ẹrù fún ẹlòmíì nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Misturat, ọmọ rẹ̀, ni wọ́n gbé e wá n'Ísẹ́yìn. Misturat ló ń gbé e lọ sí ṣáláńgá, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kó aṣọ òfì lọ sọ́jà, ó ku Ìyá àti Ṣùkúrù, ọkọ Misturat, tó ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni, ṣé òun la ó tún ní kó gbé ni lọ tọ̀? Ìyá bá dá ọgbọ́n kan: ẹni tí kò mumi kò ní í wá ibi tí yóò dà á sí. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, Ìyá a gbààwẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣùkúrù gbé ẹ̀kọ àti oògùn wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi nǹkan panu kẹ́ ẹ lo oògùn."

"Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo? A ti jẹ iléyá tán."

"Àwọn tí mo jẹ nígbà tí ara ò yá ni mò ń san."

Ṣùkúrù rẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ tó mọ ọjọ́ ọjà ju alájàpá lọ. Ṣé màláíkà kì í gba tọjọ́ tí Misturat bá wà nílé ni?"

"Lọ hunṣọ ẹ jàre."

Ó gbé oúnjẹ síbẹ̀, ó jáde. Àṣé ìtọ̀ ò mọ̀ pé ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Tíì tí Ìyá mu ní sààrì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó fún itan pọ̀. Ó ń gbọ́ ìró òfì níta, ó fẹ́ pe Ṣùkúrù, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ló bá fìdí wọ́ kúrò lórí ibùsùn, ó di ògiri mú. Ẹsẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ìró òfì dákẹ́. Ṣùkúrù wọlé, kò wo ojú rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí i, ó lóṣòó.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Pe obìnrin kan wá bá mi."

"Gbogbo wọn ló wà lọ́jà, Ìyá. Ẹ pọn ìyàwó mi dàgbà, ẹ jẹ́ kí n pọn yín dé ẹ̀yìnkùlé lásán."

Kí ni ì bá ṣe? Ó fi apá méjèèjì kọ́ ọ lọ́rùn. Wọn ò tíì kọjá kànga tí nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láàárín ikùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó fún itan, kò gbọ́. Ó bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn pé kó sọ ọ́ di òógùn.

Ṣùkúrù kò dúró, ìrìn rẹ̀ kò yí padà. Ó gbé e dé ṣáláńgá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó kọjú sí ìta.

"Ẹ má kánjú, Ìyá. Mo wà níbí."

Fàsílátù di ògiri mú, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kò sí ohun tó kù tí yóò ṣe níbẹ̀ mọ́.