Ànàmọ́ Ọjọ́ Jímọ̀

Ànàmọ́ kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń fi yangàn ní Ìbàdàn. Wọ́n á ní kò yẹ àlejò, wọ́n á ní ẹni tí kò rówó ra iṣu ló ń jẹ ẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, àwọn ló ń sè é fún mi, èmi náà ni mo sì máa ń họ ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni mo ti ń wá a káàkiri ilé oúnjẹ.

Ní Àgbówó, wọ́n ń dín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n òróró á máa kán lára rẹ̀ tó, tó, tó. Ní Dùgbẹ̀, wọ́n sè é títí ó fi di omi. Ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ní Bódìjà tiẹ̀ da ṣúgà sí i. Mo fìbínú ti àwo yẹn padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó gbé e wá, mo sì padà bẹ̀ ẹ́ kí n tó jáde, torí kì í ṣe òun ló sè é.

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ní Ring Road ni mo ti wá rí ohun tí mò ń wá. Alhaja kan ń se oúnjẹ níbẹ̀ lábẹ́ páànù. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àsáró ànàmọ́ ni, torí kì í pẹ́ jinná, wọ́n á sì lè tètè lọ kírun. Wọ́n á fi ẹja gbígbẹ sí i, àti ata rodo àti efinrin, wọn ò sì ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ fọ́ tán. Ṣíbí àkọ́kọ́ tí mo fi kan ẹnu, ìyá mi ni mo rántí.

Kò ju oṣù méjì lọ tí Alhaja fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. N ò ní se ànàmọ́ mọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ ẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ìyókù."

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Jímọ̀ mẹ́ta péré. Mo máa kó èèyàn wá."

"Tó bá di Jímọ̀ kẹta tí ìkòkò ò tán kí n tó lọ kírun, ó parí nìyẹn o."

Màmá kan ni ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ohun tí Màmá bá jẹ ni gbogbo ọ́fíìsì ń jẹ, Màmá ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ànàmọ́ sétí. Ni mo bá parọ́. Mo ní àsáró iṣu ni. Màmá tẹ̀ lé mi lọ. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gba òkè awò ojú wọn wò mí.

"Irú iṣu wo nìyí?"

"Iṣu tuntun ni, mà."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọ́fíìsì. Ní Jímọ̀ kejì, wọ́n ní àwọn ò jáde. Ààbọ̀ ìkòkò ló ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà. Àwo méjì ni mo jẹ, síbẹ̀ kò hàn nínú ìkòkò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kẹta, Màmá rán mi lọ fi lẹ́tà jíṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Wọ́n dá mi dúró níbẹ̀ títí ara mi fi ń gbóná. Nígbà tí mo máa fi wọ takisí gba Òkè-Àdó dé, Alhaja ti wọ híjáàbù. Àwọn ará ọ́fíìsì wa ló kún orí bẹ́ǹṣì, Màmá wà láàárín wọn pẹ̀lú àwo níwájú.

Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Iṣu tuntun ti tán."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo tọrọ gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mìíràn, ó dùn mí.

Alhaja pè mí wá sí ìdí ààrò. Ìkòkò wà nílẹ̀, wọn ò tíì bu omi sí i. Ànàmọ́ tó gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ ti pọ́n, epo àti ẹja ti wọ̀ ọ́ lára.

"Wọ́n fẹ́ rà á, mo ní kì í ṣe títà. Ọmọ ilé ló ń họ ìkòkò." Wọ́n na ṣíbí sí mi. "Jókòó, ọmọ mi. Tètè họ ọ́ kó tó tutù."

Wọ́n gbé kẹ́tù wọn, wọ́n lọ kírun. Mo jókòó sórí àpótí, mo gbé ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀, mo sì ń họ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò tíì sẹ́ni tó fi ìdí ìkòkò pamọ́ dè mí.