Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sọ Pé N Kò Níwèé

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Yantala, ní Niamey níbí, rédíò ń sọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú. Ṣé kí ìjọba fún wọn níwèé, àbí kí wọ́n lé wọn lọ?

Mò ń wọn ẹ̀yìn Tàńtí Ramatu, ọmọ onílùú tó ti jẹ́ oníbàárà mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Kí wọ́n lé gbogbo wọn! Ọ̀daràn ni wọ́n."

Mo ń wọn ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bísí, má bínú o. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Ìwọ ti di tiwa."

N kò mọ ìgbà tí mo lanu.

"Tàńtí, èmi gan-an lẹ̀ ń bá wí. Ìwé mi ti kú láti ọdún méjì. Mo lọ ṣe é títí, wọn ò dá mi lóhùn."

Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó gbójú sókè.

Tàńtí ní, "Ọdún méjì, o ò sọ fún mi?"

"Ká ní mo sọ, kí lẹ máa ṣe?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti tilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá dúró níta, mo máa ń rò pé ọlọ́pàá ló dé.

Ẹ̀yin ará wa ní Niamey, ṣé òótọ́ tó yẹ ni mo sọ, àbí ẹnu mi ló kó bá mi? Kí lẹ̀yin ì bá ti sọ?