Ìrìn Àjò Aránṣọ sí Ọ̀dọ̀ Àbúrò Rẹ̀

Ní ọdún kejì tí ogun ńlá parí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń jẹ èédú, tí èéfín rẹ̀ ń sọ aṣọ funfun di dúdú kí èèyàn tó dé ibi tó ń lọ, obìnrin aránṣọ kan di ẹrù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ogójì ọdún ló fi rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì fẹ́ òmíràn. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ti rán aṣọ ọkùnrin kan títí ó fi gbó, òun ò lágbára àtitún wọn ẹlòmíràn.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sìn ín dé ibùdókọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ. Ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà kì í ṣe eré o."

"Ta ló máa bá ẹ ṣe iṣẹ́ ẹ? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. Mo mọ ibi tí mò ń lọ."

Lẹ́yìn tí ọmọ náà padà sílé, akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fi ojú wá ẹni tó tẹ̀ lé e, kò rí ẹnì kankan.

"Ìyá, ta lẹ ń bá rìn?"

"Èmi àti àpò mi ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ti tó wa."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó já a fún un. Ẹ̀rín kò sí nínú obìnrin náà ní tirẹ̀. Lẹ́tà kan wà láyà rẹ̀, tí olùkọ́ kan bá àbúrò rẹ̀ kọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ti fọ́ pátápátá. Bí ẹ bá lè wá, ẹ wá." Ọdún mọ́kànlélógún ni wọn kò ti rí ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, gbogbo ẹbí ló pé, àbúrò yìí nìkan ni kò yọjú. Ẹ̀gbọ́n bá sọ lójú gbogbo ayé pé òun ò ní àbúrò mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti kó o.

Ọkọ̀ kún fọ́fọ́ fún àwọn sójà tó ń padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé tí irun rẹ̀ ti ń funfun, jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì pákó. Kò pẹ́ tí oorun fi gbé e, orí rẹ̀ bọ́ sí èjìká aránṣọ. Obìnrin náà fẹ́ tì í kúrò. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó rẹ ẹni yìí ju òun lọ, ó sì fi í sílẹ̀. Ibùdókọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí sójà jí, ojú tì í. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo ti sọ èjìká yín di ìrọ̀rí."

"Kò séwu. Ó ti kú tipẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé ilé lò ń lọ?"

"Ilé ni. Ọdún márùn-ún. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ."

Aránṣọ rò ó títí. Kì í ṣe ti sójà nìkan ló ń rò. "Kí wọn, kó o jókòó," ló sọ níkẹyìn. "Àwọn náà ní ẹnu."

Ogun ti wó afárá tó wà lójú odò, torí náà gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ létí omi kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Sójà gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ wọ eegun. Ní òdìkejì, sójà gba ọ̀nà tirẹ̀, òun náà wọ lọ́rí kan tó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ku èlùbọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ni àbúrò rẹ̀ ń gbé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó létí ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ wá etí aṣọ ìnujú kó tó ká a. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," àbúrò ló kọ́kọ́ fọhùn. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mí láti kékeré, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ó wọlé, ó jókòó. Ó bọ́ bàtà.

"Mo wá o," àbúrò tún sọ. "Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá. Mo dé ibùdókọ̀ yín. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí ọkọ̀ tó ń padà fi dé, mo bá wọ̀ ọ́."

"O dé ibùdókọ̀?"

"Mo dé e."

"Kí ló wá dá ẹ dúró?"

"Ẹnu yín. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo ti pẹ́ kí n tó dé nígbà tí Màmá ń ṣàìsàn, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ."

Aránṣọ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Òótọ́ ni, òun ì bá sọ ọ́, òun ì bá sì sọ ọ́ sókè. Ó fọwọ́ nu ojú, èéfín ọkọ̀ kun ìka rẹ̀ ní dúdú.

"Ẹ ò ní bú mi ni?"

"Ẹnu náà ti rẹ̀ mí," ló fi dáhùn. "Sún fún mi."

Ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò lọ́rùn, lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin tí kò rí.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà débi tó yẹ kó dé. Kò dùn. Àwọn méjèèjì sunkún, wọn ò sì bá ara wọn jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni aránṣọ ti pinnu láti lò. Ọdún mẹ́rin ló lò, títí àbúrò rẹ̀ fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lórí fèrèsé: ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó ṣí nítorí afẹ́fẹ́, àbúrò ní ariwo àwọn afọṣọ ti pọ̀ jù. Bí ó bá ti rẹ ẹ̀gbọ́n, á dìde, á ti fèrèsé náà.