Ọkọ̀ Tí Kò Móoru Tó

Àárọ̀ Sátidé ni, aago méje kò tíì lù, ọyẹ́ sì mú ní Ẹdẹ débi pé eruku funfun ti bo gíláàsì ọkọ̀ bàbá mi. Ọkọ̀ àtijọ́ oníjókòó méjì ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Bàbá mi rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó o.

Ṣùgbọ́n iná ìkìlọ̀ tó ń sọ pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì kò yé tàn níwájú wọn. Ọkọ̀ náà ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, èéfín dúdú sì ń jáde nídìí rẹ̀. Mẹkáníìkì wọn ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ àti púlọ́ọ̀gì. Nígbà tó sú u, ó máa ń yọ orí bátìrì kí iná náà lè kú, iná á sì tún tàn. Bàbá mi ti wá gbà pé kí àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà wá gbé e ní ọjọ́ Ajé.

Aránṣọ ni mí. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fi òpin ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ fún mi, mo sì yá ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù, àmì tí ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é, ní kíláàsì wa.

Kóòdù méjì ló jáde. Ọ̀kan ní epo tó ń wọlé pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́. Èkejì, P0128, ní omi ẹ́ńjìnnì kì í tètè móoru.

Mẹkáníìkì bàbá mi, tó wá wòran, bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí aránṣọ, ọkọ̀ tí kò gbóná! Ṣé àìsàn nìyẹn? Àdúà táwọn ẹlòmíì ń gbà ni o!”

“Jẹ́ kó ṣe é,” ni bàbá mi wí. “Ìwọ ti ṣe tìrẹ, iná ò kú.”

“Baba, mo ti dákẹ́. Bóyá ó máa fi abẹ́rẹ́ rán iná náà pa.”

Olùkọ́ wa máa ń sọ pé kóòdù kì í sọ ohun tí a ó rà, ibi tí a ó yẹ̀ wò ló ń sọ. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ni mo kọ́kọ́ fura sí, bóyá irọ́ ló ń pa. Ọkọ̀ tó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́, omi inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń fà gbọ́dọ̀ tutù bákan náà. Kí a tó ṣíná sí i, mo fi àwọn méjèèjì wéra lórí ẹ̀rọ. Wọ́n bára mu. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́.

Bàbá mi wá wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Awo, mo jókòó tì wọ́n, mẹkáníìkì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wa. Mo ń wo ẹ̀rọ. Láàárín ìlú, níbi tí a ti ń rọra rìn, omi ń móoru. Bí a ti bọ́ sí gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

“Ó ń tutù lórí eré?” ni bàbá mi béèrè.

“Lórí eré, bàbá. Kò sí ohun tó ń dá omi náà dúró kó má tíì lọ sí radíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń mú un tutù.”

Nígbà tí a padà délé, mo fi ọwọ́ kan ibi tí ọ̀pá radíétọ̀ ti wọ ẹ́ńjìnnì, mo ní kí mẹkáníìkì bá mi tú u. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀,” ni ó wí.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Èmi ni mo yọ tamọsitáàtì ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi tí mi ò yọ tiẹ̀.”

Ilẹ̀kùn kékeré ni tamọsitáàtì. Òun ló ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru. Láìsí i, ọkọ̀ náà rò pé òwúrọ̀ kùtù ni ní gbogbo ìgbà, ó sì ń da epo sí i láìdúró.

Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló sáré lọ ra òmíràn ní Òṣogbo. Òun náà ló fi í sí i. Mo pa kóòdù rẹ́, a sì tún gba ọ̀nà Awo. Omi móoru, ó sì dúró síbẹ̀ bí a ti ń sáré. Bàbá mi ń fọn fèrè ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn kò mọ̀, èmi náà sì ń juwọ́ bí ìyàwó tuntun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú ọyẹ́, iná ìkìlọ̀ náà kò tàn mọ́.

Nígbà tí àwọn tí ń tú ọkọ̀ dé ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

“Ẹ ti pẹ́,” ni bàbá mi wí. “Ara rẹ̀ ti yá.”

Láti ìgbà náà, mẹkáníìkì náà kì í yọ tamọsitáàtì ọkọ̀ kankan mọ́, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ wọn.