Àwa Mẹ́rin Tó Wà Lẹ́yìn Ẹní

Òórùn tàdáwà ni mo máa ń jí sí. Bàbá máa ń se yíǹkì dúdú yìí láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọmọ kéwú tó dé, èéfín rẹ̀ a sì gba gbogbo agbo ilé wa kan ní Zongo, àdúgbò kan nílùú Niamey. Lẹ́yìn náà ni Ìyá á da kókó, ògì jéró gbígbóná, sínú igbá. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, n kò tíì mu kókó tèmi tán tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, fi fà mí lápá wọ yàrá.

"Àbẹ̀kẹ́, kó àwọn àbúrò rẹ wá kíá. Àwọn tó ń ka èèyàn ti wọ ilé kejì."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àwa obìnrin jẹ́ mẹ́rin, èmi ni àgbà. Ìyá Àgbà tò wá sẹ́yìn àwọn ẹní tí wọ́n ká tì sára ògiri, ó ní ẹni tó bá wúkọ́, òun yóò fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀.

Ìbejì kan ti kú mọ́ Ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Àgbà gbà pé àlejò kan tó nawọ́ ka àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló fà á. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka ọmọ nílé wa. Bí Ìyá bá ń pín àkàrà, orúkọ ló fi ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í kà wá. Bàbá a sì máa sọ pé, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Mo rí ọkùnrin tó wá ka èèyàn náà láti àárín ẹní méjì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbá ìwé ńlá kan mọ́ àyà. Èdè Hausa ló ń sọ.

"Alfa, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọlọ́run ló mọ iye wọn."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Alfa. Ìjọba ni kò mọ̀, òun ló sì rán mi."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ta." Ó dárúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀, tí kò ṣeé fi pamọ́.

"Ẹ ò bí obìnrin rárá?"

"Èyí tí mo sọ ni o gbọ́."

Ọkùnrin náà wo okùn tí Ìyá sá aṣọ sí. Kaba wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, omi ń kán lára wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ mẹ́ta, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn, ó lọ. Sáfú, àbíkẹ́yìn wa, bẹ́ jáde, ó ń jó. Ó rò pé eré bojúbojú ni, pé àwa la borí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń kọ ọ́ fún ọmọ ẹlòmíì lórí wàláà, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé ní kí n mú ìwé ọjọ́ ìbí wá kí n tó lè ṣe ìdánwò. Wọn kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí fún mi. Bàbá mú mi lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Akọ̀wé ṣí ìwé àdúgbò, ó ní lédè Hausa pé ọkùnrin mẹ́ta ló wà nílé Alfa, ta wá ni èyí? Ì bá rọrùn fún Bàbá láti sọ pé òun purọ́. Ojú tì í. Ó ní, "Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. Èṣí ló dé."

N kò fojú kan Ìlọrin rí.

Akọ̀wé bi mí ní ìbéèrè bíi mélòó kan lédè Faransé, mo dá a lóhùn. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀: "Ọmọ tó dé léṣìí, Faransé rẹ̀ ti já gaara ju tèmi lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì kọ Ìlọrin. Bàbá kò gbọ́ Faransé. Ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i."

Ìwé yẹn ló gbé mi dé ìparí girama. Lẹ́yìn náà, mo yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n wo ibi tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tí mo sunkún dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó ní kí n má banú jẹ́, pé àjò la wà, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó sọ ọ́ títí ó fi kú. Oko ni wọ́n sin ín sí. Kò sinmi nílé.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta tí wọ́n kà ti lọ, méjì sí Ìlọrin, ọ̀kan sí Kùtọnu. Àwa mẹ́rin tí wọn kò kà la ṣì wà nílùú. Agbo ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ẹnì kan kò sì sùn níbẹ̀ mọ́. Bobiel, tó jẹ́ oko jéró nígbà èwe mi, ni mò ń gbé báyìí, ilé sì ti fún mọ́ra débi pé mò ń gbọ́ nígbà tí aládùúgbò mi bá ń ro iyẹ̀fun.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Ó ní òun wá ka èèyàn. Mo pe àwọn ọmọ mi síta sínú oòrùn, mo nawọ́ sí wọn, mo kà wọ́n sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ohùn Ìyá Àgbà kò tíì kúrò létí mi.

Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa. "Màmá, ìgbà wo lẹ dé Niamey?"

Ìlọrin ti dé orí ahọ́n mi, bó ṣe wà lórí gbogbo ìwé mi. "N kò dé láti ibì kankan," ni mo sọ. "Zongo ni wọ́n bí mi sí. Kọ ọ́, kó o kà á sí mi létí."

Ó kọ ọ́, ó sì kà á. Ìlọrin ṣì wà lórí káàdì inú àpò mi, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò sì ní pè mí padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn ẹní ń yangàn nígbà náà pé òun di èémí mú títí ọkùnrin náà fi lọ. Èmi ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, mo ṣì ń bínú sí ọmọ náà. Ì bá ti wúkọ́.